Lé àti Dín: Wíwá Ìwọ̀n Ìyípadà Láti Ìpìlẹ̀ Rẹ̀

Awakọ̀ kan gbéra ní Ìbàdàn ní agogo méje òwúrọ̀, ó sì dé Èkó ní agogo mẹ́sàn-án. Bí ọ̀nà tí ó rìn bá jẹ́ kìlómítà 120, ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá lè sọ pé kìlómítà 60 ni ó ń rìn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ tí ó fi nǹkan pamọ́ ni. Ẹni tí ó bá jókòó ti awakọ̀ náà yóò ti rí i pé abẹ́rẹ́ tí ń fi eré ọkọ̀ hàn kò dúró sójú kan. Nígbà tí ọkọ̀ há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, abẹ́rẹ́ náà sùn sílẹ̀. Nígbà tí ojú ọ̀nà là, ó gun 100 kọjá. Bí a bá wá bi ẹni náà léèrè pé eré mélòó ni ọkọ̀ ń sá ní agogo mẹ́jọ géérégé, yóò kàn wo ojú abẹ́rẹ́ ni, yóò sì dáhùn.

Ṣùgbọ́n kí ni ìdáhùn náà túmọ̀ sí? Láti mọ eré, àkókò tí a lò ni a fi ń pín ọ̀nà tí a rìn. Ní agogo mẹ́jọ géérégé, kí ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo tó kọjá, ọkọ̀ náà kò tí ì rìn ní ọ̀nà kankan, àkókò kankan kò sì tí ì lọ. Òdo ni ọ̀nà, òdo ni àkókò. A kò sì lè fi òdo pín òdo. Abẹ́rẹ́ ń tọ́ka sí nǹkan, ìṣirò ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ń sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ̀ka ìṣirò tí a ń pè ní kálíkúlọ́ọ̀sì ni ó yanjú ọ̀ràn yìí, ọ̀nà tí ó sì gbà yanjú rẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ òní.

Ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ àjọ WAEC fún Further Mathematics béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí a ti ń wá ìwọ̀n ìyípadà láti ìpìlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe nípa àgbékà nìkan. Ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì yàtọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, akẹ́kọ̀ọ́ ti há a sórí pé kí òun gbé nọ́ńbà kékeré orí lẹ́tà wálẹ̀, kí òun sì dín in kù ní ọ̀kan: x³ di 3x², x² di 2x. Ó ń gba máàkì. Àmọ́ bí a bá bi í pé kí ni 2x náà jẹ́, yóò ní òun ni ìdáhùn. Olùkọ́ pàápàá a máa kó ìpìlẹ̀ náà sáré ní ọjọ́ kan, bí ẹni tí ń kọjá ní ojúbọ tí kì í ṣe ti ìdílé rẹ̀, a sì tètè dé ibi àgbékà tí ara ti máa ń rọ gbogbo ènìyàn.

Ní ọjọ́ tí ó ń sáré kó o náà ni akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń nàwọ́ sókè. 'Ẹ jọ̀wọ́, sà, ní ìlà kẹta, ẹ ní h kì í ṣe òdo, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè fi í pín. Ní ìlà karùn-ún, ẹ ní kí á sọ h di òdo. Èwo ni ká mú níbẹ̀?' Olùkọ́ a wo aago ọwọ́ rẹ̀. 'Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.' Kíláàsì a rẹ́rìn-ín, akẹ́kọ̀ọ́ a jókòó, kò sì jọ pé yóò tún nàwọ́ ní sáà náà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìbéèrè kankan nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà tí ó ṣe pàtàkì jù ú lọ. Ó gba àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ní èyí tí ó ju 80 ọdún lọ kí wọ́n tó rí èsì tí ó mọ́lẹ̀ fún un.

Ó sàn kí a ti inú nọ́ńbà lásán wọ̀ ọ́, kí á tó mú lẹ́tà kankan jáde. Àgbọn kan já láti orí igi gíga. Láti ìgbà ayé Galileo ni a ti mọ̀ pé ọ̀nà tí ohun tí ń já bọ́ rìn kì í bá àkókò pọ̀ sí i ní ọgbọọgba. Pẹ̀lú àkókò tí a sọ di púpọ̀ nípa ara rẹ̀ ni ó ń bá a pọ̀ sí i. Bí t bá jẹ́ iye ìṣẹ́jú àáyá, mítà 5t² ni àgbọn náà yóò ti já. Nọ́ńbà tí ó yẹ kí ó wà ní ipò 5 yẹn gan-an jẹ́ nǹkan bíi 4.9, ṣùgbọ́n 5 yóò jẹ́ kí ìṣirò rọrùn láti fi orí ṣe. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 1, àgbọn ti já ní mítà 5. Eré mélòó ni ó ń sá ní ojú ẹsẹ̀ yẹn gan-an?

A kò lè dúró sójú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, nítorí náà a ó sún síwájú díẹ̀. Nígbà tí àkókò di 1.1, àgbọn ti já ní mítà 6.05. Láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ó rìn ní mítà 1.05, bí a bá fi 0.1 pín in, eré rẹ̀ jẹ́ mítà 10.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí a dín àlàfo náà kù: láti 1 sí 1.01, ó rìn ní mítà 0.1005, eré rẹ̀ sì jẹ́ 10.05. Láti 1 sí 1.001, eré rẹ̀ jẹ́ 10.005. Kí a wá padà sẹ́yìn, kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí ìṣẹ́jú àáyá kìn-ín-ní tó pé. Láti 0.9 sí 1, eré rẹ̀ jẹ́ 9.5. Láti 0.99 sí 1, 9.95. Láti 0.999 sí 1, 9.995.

Àwọn nọ́ńbà mẹ́fà náà nìyẹn. Mẹ́ta lé ní 10: àbọ̀ ni ó fi lé, lẹ́yìn náà ó fi ìdá kan nínú ogún lé, lẹ́yìn náà ó fi ìdá kan nínú igba lé. Mẹ́ta dín sí 10, pẹ̀lú ìwọ̀n kan náà. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó jẹ́ 10. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò wò wọ́n tí kò ní mọ nọ́ńbà tí gbogbo wọn ń wò.

Ẹni tí ó bá kọ́ oǹkà Yorùbá láti kékeré ti gba ojú ọ̀nà yìí kọjá rí láìfiyè sí i. Láti mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, ẹ̀wá ni èdè náà gbójú lé: oókànlá, èjìlá, ẹ̀tàlá, ẹ̀rìnlá, ohun tí ó lé lórí ẹ̀wá ni à ń kà. Nígbà tí ó di 15, ó yíjú padà, ó sì kọjú sí ogún tí kò tí ì dé: ẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹẹ́rìndínlógún, ẹẹ́tàdínlógún, eéjìdínlógún, oókàndínlógún. Ẹni tí ń kà á kò sọ ohun tí ó ti wà lọ́wọ́. Ohun tí ó kù kí ogún pé ni ó ń sọ, ohun tí ó kù náà sì ń kéré sí i: márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta, méjì, ọ̀kan. Bí ó bá kọjá ogún, ọ̀rọ̀ náà di 'lé' padà: oókànlélógún. Ohun tí àwọn ìwé ìṣirò ń pè ní wíwọ̀ láti apá òsì àti wíwọ̀ láti apá ọ̀tún, dín àti lé ni. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá kò nílò láti wá àpẹẹrẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ibi kan wà tí àfiwé náà ti yingin, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ kí ó má baà ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Oǹkà ń fi ọ̀kan ọ̀kan lọ, nítorí náà ó ń dé ogún ní tòótọ́. Àwọn eré àgbọn wa kò ní dé 10 láéláé nípa dídín àlàfo kù. Ohun tí ó kù kàn ń kéré sí i ni, kì í tán.

Èyí ni ó mú ọ̀ràn orúkọ wá. Kí ni kí á pe 10 tí gbogbo wọn ń wò yìí? Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń pè é ní límíìtì, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Àwọn kan tí ó fẹ́ Yorùbá pe 'òpin', ṣùgbọ́n òpin ni ibi tí nǹkan parí sí, nǹkan wa kò sì parí síbẹ̀. Àwọn mìíràn fẹ́ràn 'gbèdéke', ọ̀rọ̀ tí ó níyì, àmọ́ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ kọjá ni gbèdéke máa ń fi síni lọ́kàn; bẹ́ẹ̀ àwọn nọ́ńbà kan wà tí ń lé, tí ń dín, tí wọ́n ń kọjá ibi tí wọ́n ń lọ síwá-sẹ́yìn bí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà lókùnkùn, tí wọ́n sì ń súnmọ́ ọn síbẹ̀. Èyí tí ó kù ni 'ààlà'. Wọn a ní ọ̀rọ̀ oko ni, pé ààlà oko Lágbájá àti oko Tàmẹ̀dò kò yẹ fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ kò rántí pé ọ̀rọ̀ èdè Látìn tí límíìtì ti wá, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó pààlà sáàárín oko méjì ni ó túmọ̀ sí. Láti oko ni àwọn náà ti mú un. Ohun tí ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ni pé ẹnìkan jókòó, ó sì sọ ohun tí yóò máa jẹ́ láti ọjọ́ náà lọ. Ààlà ni ọ̀rọ̀ tí a ó lò níhìn-ín.

Iṣẹ́ tí ó jọ èyí ti wáyé rí. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fàẹ̀fà ti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èdè náà kò kọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ètò náà dúró sí, kálíkúlọ́ọ̀sì kò sì sí níbẹ̀ láti bí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó wá ku olúkúlùkù olùkọ́ sí ìdí ọgbọ́n tirẹ̀, òmíràn sì máa ń já sí kòtò. Ọ̀kan nínú àwọn kòtò náà ni pípe t² ní 'ìlọ́po méjì t'. Ìlọ́po méjì 3 ni 6. T² ti 3 ni 9. Ọmọ tí a bá kọ́ bẹ́ẹ̀ yóò ṣìnà kí ó tó dé ibi tí ìrìn-àjò náà ti le.

Nísinsìnyí, lẹ́tà lè wọlé. Dípò 0.1 àti 0.01, kí a pe àlàfo àkókò náà ní h, kí a sì pe àkókò tí à ń wò ní t. Ọ̀nà tí àgbọn ti já ní àkókò t jẹ́

5t²

Nígbà tí àkókò di t + h, ọ̀nà náà di

5(t + h)² = 5t² + 10th + 5h²

Bí a bá yọ ti ìṣáájú kúrò nínú ti ẹ̀yìn, 10th + 5h² ni ó kù, ìyẹn ọ̀nà tí àgbọn rìn láàárín àlàfo náà. A ó fi h pín in, nítorí pé h kì í ṣe òdo:

10t + 5h

Gbogbo iṣẹ́ wà nínú ìlà yìí, ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí olùkọ́ dúró, kí ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí kíláàsì wò ó. Kí ó fi 1 sí ipò t, kí ó sì fi 0.1 sí ipò h: 10.5, bí a ti rí i lẹ́ẹ̀kan. Kí ó fi −0.01 sí ipò h: 9.95. Gbogbo nọ́ńbà mẹ́fà ìṣáájú ni ó sùn sínú ìlà kan ṣoṣo. Apá kìn-ín-ní, 10t, kò mọ̀ pé h wà láyé. Apá kejì, 5h, ni ohun tí ó lé tàbí tí ó dín, bí h bá sì ti ń kéré ni òun náà ń kéré. Ààlà tí gbogbo rẹ̀ ń wò, bí h ti ń súnmọ́ òdo, ni 10t. Èyí ni ìwọ̀n ìyípadà ojú ẹsẹ̀. Ní ìṣẹ́jú àáyá 1, eré àgbọn jẹ́ mítà 10. Ní ìṣẹ́jú àáyá 2, mítà 20. Ìdí nìyẹn tí àgbọn tí ó já láti orí igi gíga fi léwu ju èyí tí ó já láti orí igi kúkúrú.

Àṣìṣe tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe níbí máa ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ bí a bá ní sùúrù láti tẹ̀ lé e dé òpin, dípò kí a kàn fi bírò pupa fà á. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ (t + h)² bí t² + h², kí ó gbàgbé 2th tí ó wà láàárín. Ó dára, kí a bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí àgbọn rìn di 5h². A fi h pín in, ó di 5h. Ààlà rẹ̀ di òdo. Ní àkókò yòówù kí ó jẹ́, eré àgbọn jẹ́ òdo. Àgbọn ti já kúrò lórí igi, ó sì rọ̀ sójú sánmọ̀, kò lọ, kò bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí àgbọn rẹ̀ níbẹ̀ kì í sábà gbàgbé 2th mọ́. Àwọn mìíràn a fi h lé èsì dípò kí wọ́n fi lé àkókò, wọn a kọ 5t² + h. Tiwọn ni pé ohun gbogbo láyé, àti àgbọn àti ọkọ̀ àti ìgbín, ń sá eré 1. Ẹni tí ó bá sì kánjú sọ h di òdo kí ó tó fi pín ti padà sí òdo tí a fi òdo pín, ibi tí a ti gbéra.

Kí a wá padà sí ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí a ní kó jókòó. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní Yunifásítì Cambridge ní 1665, Isaac Newton padà sí abúlé rẹ̀ ní Woolsthorpe, láàárín àkókò náà ni ó sì la ọ̀nà tirẹ̀ sí ìṣirò yìí. Gottfried Leibniz ti ilẹ̀ Jámánì dá ọ̀nà tirẹ̀ là, òun ni ó sì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, ní 1684. Ṣáájú àwọn méjèèjì, agbẹjọ́rò kan ní ilẹ̀ Faransé, Pierre de Fermat, ti ń ṣe ohun tí ó jọ ọ́: yóò fi iye kékeré kan kún nọ́ńbà, yóò fi iye náà pín, yóò sì wá jù ú nù. Ìdáhùn wọn máa ń tọ̀nà. Ìdí tí ó fi ń tọ̀nà ni kò sí ẹni tí ó lè sọ ọ́ kí ó mọ́.

Ní 1734, George Berkeley, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà ní Cloyne ní ilẹ̀ Áyálándì, kọ ìwé tí ó pè ní The Analyst láti fi bi wọ́n. Ìbéèrè rẹ̀, bí a bá bọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀, ni ti akẹ́kọ̀ọ́ wa gẹ́lẹ́: bí iye kékeré yìí bá jẹ́ nǹkan, ẹ kò lè jù ú nù, bí kò bá jẹ́ nǹkan, ẹ kò lè fi í pín. Ọmọ Yorùbá ì bá pe irú iye bẹ́ẹ̀ ní àkúdàáyà. Ó ti kú ní ìlú kan, wọ́n ti sin ín. Ní ìlú kejì, ó wà níbẹ̀ tí ó ń tajà, tí ó tilẹ̀ ti láya. Àgbà kì í gba irú àlàyé bẹ́ẹ̀ fún òtítọ́ láìwádìí, Berkeley náà kò sì gbà á. Àwọn oníṣirò bínú sí i, wọ́n fèsì lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà kò yanjú tán ní ayé rẹ̀.

Ẹni tí ó fi ìpìlẹ̀ gidi lélẹ̀ ni Augustin-Louis Cauchy, tí ó ń kọ́ni ní Paris. Nínú àwọn ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti 1821 àti 1823, ó fi ààlà ṣe òpómúléró, ó sì pe ìwọ̀n ìyípadà ní ààlà ìpín tí a ṣe lókè yìí. Karl Weierstrass ní Berlin wá yọ gbogbo ọ̀rọ̀ 'súnmọ́' àti 'rìn' kúrò nínú àlàyé náà, ó fi nọ́ńbà nìkan rọ́pò wọn. Ó lè dùn mọ́ àwọn olùkọ́ nínú láti gbọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ girama ni Weierstrass ti ń kọ́ni fún ọdún púpọ̀ kí yunifásítì tó mọ̀ ọ́n.

Ohun tí wọ́n sọ ni a lè gbé kalẹ̀ bí àríyànjiyàn láàárín ènìyàn méjì. Ẹnìkan ní 10 ni ààlà àwọn eré àgbọn náà. Alátakò ní òun kò gbà, àfi kí ẹni náà fi hàn pé ohun tí ó lé tàbí tí ó dín kò tó 0.01. Ẹni àkọ́kọ́ rántí pé 5h ni ohun tí ó lé. Ó fi 5 pín 0.01, ó sì fèsì pé: 'Má jẹ́ kí h tó 0.002, yálà ní apá lé tàbí ní apá dín, ohun tí o béèrè yóò rí bẹ́ẹ̀.' Alátakò ní ó dára, ó wá ní 0.0001. Èsì dé: 'Má jẹ́ kí h tó 0.00002.' Nọ́ńbà yòówù tí alátakò bá dá, bí ó ti wù kí ó kéré tó, èsì wà nílẹ̀ fún un: kí a ṣáà fi 5 pín in. Bí ẹlòmíràn bá wá ní 10.001 ni ààlà náà, kí alátakò béèrè 0.0005 lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní rí èsì, nítorí pé bí h bá ti kéré tó, 10 ni àwọn eré náà rọ̀ mọ́, 10 sì jìnnà sí 10.001 ju ohun tí alátakò béèrè lọ. 10 nìkan ni ó lè fara da gbogbo ìbéèrè.

Nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí, h kò di òdo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èsì tí ó tọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ náà nìyẹn. Ní ìlà kẹta, h kì í ṣe òdo. Ní ìlà karùn-ún, kò tí ì di òdo síbẹ̀. Ohun tí a kọ sí ìlà karùn-ún kì í ṣe iye ìpín náà nígbà tí h jẹ́ òdo. Orúkọ nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ìpín náà ń wò ni. Nítorí náà ni a kò fi gbọ́dọ̀ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbàgbé àmì 'lim' ní ìdajì ọ̀nà, kí ó sì kọ pé 10t + 5h dọ́gba pẹ̀lú 10t. Kò dọ́gba. Olùdánwò tí ó bá gé máàkì fún ìyẹn kò ṣe àṣejù.

Àpẹẹrẹ kejì yóò dá ọ̀rọ̀ padà sí ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó. Títì márosẹ̀ tí a ṣí ní 1978 kò fi púpọ̀ ju kìlómítà 120 lọ. Bí awakọ̀ bá ń sá eré v láìdúró, wákàtí 120/v ni yóò lò. Bí ó bá fi h lé eré rẹ̀, àkókò rẹ̀ di 120/(v + h). Ìyàtọ̀ méjèèjì, lẹ́yìn tí a bá ti sọ ìsàlẹ̀ wọn di ọ̀kan, jẹ́ −120h/v(v + h). A fi h pín in, ó di −120/v(v + h). Bí h ti ń súnmọ́ òdo, ààlà rẹ̀ ni

−120/v²

Àmì òdì tí ó wà níwájú rẹ̀ ń sọ pé àkókò ń dín bí eré ti ń lé. Ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé e ni ó yẹ kí a wò. Fún ẹni tí ń sá 60, ìdá kan nínú ọgbọ̀n wákàtí ni, ìyẹn ìṣẹ́jú 2: kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí ó bá fi kún eré rẹ̀ ń jèrè bí ìṣẹ́jú 2 fún un. Fún ẹni tí ń sá 120, ìdá kan nínú 120 wákàtí ni, ààbọ̀ ìṣẹ́jú péré. Ìdá mẹ́rin èrè náà ti di ìdá kan. Ní ọwọ́ kan náà, ọ̀nà tí ọkọ̀ nílò kí bíréèkì tó lè dá a dúró ń bá v² pọ̀ sí i, nítorí náà ẹni tí ó sọ eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì ti sọ ọ̀nà yẹn di ìlọ́po mẹ́rin. Awakọ̀ tí ó ti ń sá 120, tí ó sì tún ń tẹ iná mọ́ ọn, ààbọ̀ ìṣẹ́jú ààbọ̀ ìṣẹ́jú ni ó ń rà, owó tí ó ń san sì ń wọ́n sí i. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ ní kíláàsì ju x³ lọ, ìṣirò tí ó mú un wá kò sì le ju ìyẹn lọ.

Ó ku ibì kan tí ọ̀pọ̀ ìwé máa ń fò. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni lé àti dín máa ń pàdé. Bí a bá ya ìlà tí ó rí bíi lẹ́tà V, tí ìdí rẹ̀ wà ní òdo, tí iye tí ó ń fúnni jẹ́ x fúnra rẹ̀ láìka àmì òdì sí, kí a wá ìwọ̀n ìyípadà rẹ̀ ní ìdí V náà. Ní apá lé, bí h bá jẹ́ 0.1, ìpín jẹ́ 1. Bí ó bá jẹ́ 0.001, ó ṣì jẹ́ 1. Ní apá dín, bí h bá jẹ́ −0.1, ìpín jẹ́ −1, −0.001, ó ṣì jẹ́ −1. Apá kan ń wo 1, apá kejì ń wo −1, kò sì sí nọ́ńbà kankan tí ó lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn. Kò sí ààlà níbẹ̀, nítorí náà kò sí ìwọ̀n ìyípadà. Ẹni tí ó mọ àgbékà nìkan kò ní mọ̀ pé ohun kan bàjẹ́ níbí, nítorí pé àgbékà kì í béèrè bóyá ààlà wà kí ó tó fúnni ní èsì.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn oníṣirò rò pé irú ìdí V bẹ́ẹ̀ kò lè ju ẹyọ díẹ̀ lọ lórí ìlà tí kò já. Ní 1872, Weierstrass dìde níwájú àwọn onímọ̀ ní Berlin, ó sì gbé ìlà kan kalẹ̀ tí kò já níbì kankan, tí ẹnikẹ́ni lè fi ìka tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n tí kò ní ìwọ̀n ìyípadà ní ojú kankan. Níbi yòówù tí a bá dúró lé lórí rẹ̀, bí ó ti wù kí a sún mọ́ ọn tó, àwọn ìpín náà kò fohùn ṣọ̀kan sórí nọ́ńbà kankan. Fífi ojú lásán wo àwòrán kò lè fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ hàn. Ìpín tí a fi h ṣe, tí a sì béèrè ààlà rẹ̀ ní ojú kọ̀ọ̀kan, ni Weierstrass fi rí i.